“Tọ́ Ọmọdé”: Ṣé Ìlérí Ni àbí Òwe?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni mí ní ìjọ kan ní Àkúrẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ka Òwe 22:6, “Tọ́ ọmọdé ní ọ̀nà tí yóò tọ̀, nígbà tí ó bá dàgbà tán, kì yóò kúrò nínú rẹ̀.” Màmá kan bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ tó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìjọ mọ́ látìgbà tó ti wọ yunifásítì. Arákùnrin kan ní Ọlọ́run kì í purọ́: bí ọmọ bá yà kúrò lọ́nà, àwọn òbí ni kò tọ́ ọ dáadáa. Ẹlòmíràn ní ìlérí ni, dandan ni kó padà. Nígbà tí mo ní òwe ni, kì í ṣe ìlérí, wọ́n ní mo ń sọ Bíbélì di irọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀? Báwo la ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ òwe, èyí tó jẹ́ ìlérí, èyí tó jẹ́ ìtàn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ohun tí ẹ sọ tọ̀nà, àmọ́ ẹ dá a dúró láàárín ọ̀nà. Bí a bá ní “òwe ni,” tí a kò sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí òwe ń ṣe, ńṣe ló máa dà bíi pé a ń wá ibi tí a máa yẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká ti ibi òwe bẹ̀rẹ̀.

Àwọn baba wa ní “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Ẹ bi arákùnrin yẹn bóyá ó ti dé Ọjà Ọba rí. Ojoojúmọ́ ni ìkókó ń sùn lẹ́yìn ìyá wọn níbẹ̀, tí orí wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí àwọn àgbàlagbà sì dúró tì wọ́n tí wọ́n ń ná ata. Kò sẹ́ni tó torí ìyẹn pe àwọn baba wa ní òpùrọ́, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ojúṣe àgbà ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. “Ìjáfara léwu” àti “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́” náà jọ ń gbé inú ilé kan láì bá ara wọn jà. Ìyá lè fi èkíní lé ọmọ jáde lọ síléèwé láàárọ̀, kó fi èkejì kìlọ̀ fún un nírọ̀lẹ́ tó bá ń kánjú fọ àwo. Òwe a máa sọ òótọ́ kan ní àsọyé, láì sọ gbogbo òótọ́ tó wà. Ẹni tó ń lò ó ló gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó bá a mu.

Ìwé Òwe fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ẹ ṣí i sí orí 26. Ẹsẹ 4 ní ká má ṣe dá aṣiwèrè lóhùn gẹ́gẹ́ bí wèrè rẹ̀, ká má baà dà bí i. Ẹsẹ 5, lẹ́sẹ̀ kan náà, ní ká dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí wèrè rẹ̀, kó má baà gbọ́n lójú ara rẹ̀. Ẹni tó kó wọn jọ kò tòògbé. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tò wọ́n síra wọn ni. Bí òfin ni a bá kà wọ́n, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fagi lé ìkejì. Bí ìlérí ni, ọ̀kan ti yẹ̀. Àfi tí a bá kà wọ́n bí òwe ni àwọn méjèèjì tó lè dúró.

Ẹ wá wo àdúgbò tí 22:6 ń gbé. Orí 1 sí 9 nínú ìwé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn tí òbí ń bá ọmọ sọ. Láti 10:1 dé 22:16 ni àkójọ òwe kéékèèké tí a fi orúkọ Sólómọ́nì pè. Wọ́n jẹ́ 375, ọ̀pọ̀ wọn ló sì dá dúró láì gbára lé èyí tó ṣáájú. Inú àkójọ yìí ni “Tọ́ ọmọdé” wà. Ẹsẹ 7 tó tẹ̀ lé e ní ọlọ́rọ̀ a máa jọba lórí tálákà, ayáni-lówó a sì di ọ̀gá ẹni tó yáwó. Mi ò tíì rí ìjọ tó ń gba àdúrà lé ẹsẹ 7 lórí pé ìlérí ni, kí olówó máa jọba lé wa lórí dandan. Gbogbo èèyàn ló rí i pé ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ láyé ni ẹsẹ náà ń wí. Kí ló wá sọ ẹsẹ 6 di ìlérí, tí ẹsẹ 7 tí wọ́n jọ wà nínú àkójọ kan náà kò fi jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ohun tí ọkàn wa ń fẹ́ ni. Ẹ béèrè ìbéèrè yìí gan-an nínú kíláàsì, kí ẹ sì dákẹ́ kí wọ́n rò ó.

Ìwé kan náà tún kún fún ọmọ tí a tọ́ tí kò gbà. 15:5 ní òmùgọ̀ a máa gan ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀, ìyẹn ni pé bàbá náà kọ́ ọ. 17:25 ní aṣiwèrè ọmọ jẹ́ ìbànújẹ́ fún bàbá rẹ̀ àti ìkorò fún ìyá tó bí i. Orí 1 sí 9 látòkè délẹ̀, “Ọmọ mi, gbọ́” ni. A kì í bẹ ẹni tí kò lè kọ̀.

Bí arákùnrin náà bá wá ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń dá ẹjọ́, tó ń sọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, kó kúrò nínú Òwe kó lọ sínú Ísíkẹ́lì 18. Níbẹ̀, wòlíì gbé ọ̀ràn náà kalẹ̀ bí ẹni tó wà ní kóòtù: bàbá olódodo kan (ẹsẹ 5 sí 9) bí ọmọ oníwà ipá (10 sí 13). Ìdájọ́ wà ní ẹsẹ 20: ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá, bàbá kò sì ní ru ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Kí wọ́n tún ka Àìsáyà 1:2, níbi tí Ọlọ́run ti ń ké sí ọ̀run àti ayé pé òun tọ́ àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n sì ṣọ̀tẹ̀ sí òun. Bí ọ̀rọ̀ arákùnrin yẹn bá jẹ́ òótọ́, ta ni kò mọ ọmọ tọ́ níbẹ̀ yẹn?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tìtorí èyí sọ pé òwe náà kò já mọ́ nǹkan kan. Àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè mọ̀ pé ẹni tó ro oko rẹ̀, tó gé ẹ̀ka tó dí, tó sì fín oògùn lásìkò ni yóò kórè. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Síbẹ̀, òjò lè rọ̀ lọ́dún kan láìdáwọ́ dúró, kí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú gba oko ẹni tó ṣe gbogbo rẹ̀ pé. Ẹni tó bá dúró létí oko yẹn, tó ń wí fún onítọ̀hún pé “Ó dájú pé o ò fín in,” kò gbèjà òtítọ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbẹ̀ tó máa torí ọdún kan pa oògùn fínfín tì. 10:4 ní ọwọ́ aláápọn ní í sọni di ọlọ́rọ̀. 13:23 mọ̀ pé oúnjẹ púpọ̀ lè wà nínú oko tálákà kí àìṣẹ̀tọ́ sì gbá a lọ. Àwọn méjèèjì la nílò.

Ẹnìkan lè gbé ọ̀rọ̀ èdè Hébérù wá, nítorí náà ẹ mọ̀ ọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí “tọ́” níbẹ̀ kò wọ́pọ̀. Níbòmíràn, ilé ni wọ́n ń lò ó fún: yíya ilé tuntun sí mímọ́ nínú Diutarónómì 20:5, yíya tẹ́ḿpìlì sí mímọ́ nínú 1 Ọba 8:63. Ọ̀rọ̀ tó di “ọmọdé” sì gbòòrò, láti orí Mósè nínú apẹ̀rẹ̀ (Ẹ́kísódù 2:6) títí dé orí Ábúsálómù tó ti ń kó ogun jọ (2 Sámúẹ́lì 18:5). “Ọ̀nà rẹ̀” ló wà nínú Hébérù níbi tí tiwa ti ní “ọ̀nà tí yóò tọ̀,” èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ kan kà á bí ìkìlọ̀: ẹ fi ọmọdé sílẹ̀ fún ọ̀nà ara rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Èmi ò ní gbé àríyànjiyàn yẹn wọ kíláàsì. Ìdáhùn yín kò nílò rẹ̀.

Ohun kan ló tọ́ kí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ “òwe” nínú Bíbélì wa. Nínú Bíbélì Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884 lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, òwe ni wọ́n pe Ìwé Òwe, òwe náà ni wọ́n pe ìtàn afúnrúgbìn tí Jésù pa nínú Mátíù 13. Kì í ṣe àṣìṣe. Hébérù náà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mashal, tó ń kó òwe, àkàwé àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sín pọ̀. Àmọ́ ó máa ń da èèyàn rú, nítorí òwe Sólómọ́nì ń bá ọgbọ́n inú ẹni sọ̀rọ̀, àkàwé Jésù sì sábà ń dẹ pàkúté fún olùgbọ́. Nínú Lúùkù 15, àwọn Farisí tó ń kùn ní ẹsẹ 2 ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ẹni tó ka ìtàn ọmọ onínàákúnàá láì wo ẹsẹ 2 kò ní mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n tó kọ̀ láti wọlé ń ṣe níparí rẹ̀.

Ó wá kan ìlérí. Ìlérí máa ń ní ẹni tó sọ ọ́, ẹni tí a sọ ọ́ fún, àti àdéhùn tó so mọ́ ọn. Èyí tí mo rí tí wọ́n ń lò jù níbi gbogbo, lára mọ́tò àti lórí fóònù, ni Jeremáyà 29:11. Ẹ ka ẹsẹ 1: lẹ́tà ni. Láti Jerúsálẹ́mù ni wòlíì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn tí Nebukadinésárì kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Ní orí 28, Hananáyà, wòlíì èké, ti sọ fún gbogbo èèyàn pé láàárín ọdún 2 gbogbo rẹ̀ á ti yanjú. Jeremáyà kọ lẹ́tà pé rárá, 70 ọdún ni (29:10). Kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fi ọmọ fọ́kọ. Ẹni tó ti pé 40 ọdún nígbà tó gba lẹ́tà yẹn mọ̀ pé ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n máa sin òun sí. Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ 11 wá dé. Ìtùnú gidi ni, ṣùgbọ́n ìtùnú fún ẹni tí a ti sọ fún pé kó jókòó, kò yá kánkán bíi ti Hananáyà. Èdè wa sì ràn wá lọ́wọ́ níbí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹnìkan àti ọ̀pọ̀, tiwa ní “èrò tí mo rò sí yín.” Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, “ìwọ” ni ẹni kan, àní bó bá jẹ́ ọba, “ẹ̀yin” sì ni ọ̀pọ̀, ọ̀wọ̀ kọ́ ni. Ẹ máa fa igi sábẹ́ “yín” àti “ẹ̀yin,” á yà yín lẹ́nu, iye ìlérí tó jẹ́ ti ìlú lódindi tí a ti sọ di ti ẹnìkan.

Lẹ́tà náà ni Fílípì. Ẹsẹ 104 péré ló jẹ́, kò tó ogún ìṣẹ́jú láti kà á sókè tán, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe kà á fún ìjọ nígbà náà. Ẹni tó bá kà á tán kò ní lo 4:13, “Èmi lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi,” fún ìdánwò JAMB mọ́, nítorí á ti rí i pé ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n ló kọ ọ́, tó ń dúpẹ́ owó tí wọ́n fi rán Epafiródítù, tó sì ń sọ ní ẹsẹ 12 pé òun ti kọ́ bí a ṣe ń yó àti bí a ṣe ń pa ebi mọ́ra. “Ohun gbogbo” ẹsẹ 13, yíyó àti ebi ni.

Èyí tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni Jóòbù 8:7, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ lè kéré ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn yóò pọ̀ gidigidi. Ó dára lójú pátákó ìtajà. Bílídádì, ọ̀rẹ́ Jóòbù, ló sọ ọ́. Ẹ wo ẹsẹ 4, ìyẹn ẹsẹ mẹ́ta péré sókè sí i: ó ń sọ fún bàbá tí ilé wó pa ọmọ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló pa wọ́n. Ní 42:7, Ọlọ́run bínú sí Bílídádì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì pé wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun. Ìwé Jóòbù jẹ́ àríyànjiyàn nínú ewì, láti orí 3 títí wọ inú 42, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí a tó ṣe “Àmín.” Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣókùnkùn sí kíláàsì yín pé iṣẹ́ Bílídádì gan-an ni arákùnrin yẹn ṣe fún màmá tó ń sunkún: ó mú òwe tó jẹ́ òótọ́, ó sọ ọ́ di òfin tí kò ní àyàfi, ó wá fi dá ẹjọ́ abiyamọ.

Fún ẹ̀sùn pé ẹ ń sọ Bíbélì di irọ́, Bíbélì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi dáhùn. Ó sọ ìtàn Òkun Pupa lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Ẹ́kísódù 14 jẹ́ ìtàn: ní ẹsẹ 21, Olúwa fi ìjì líle láti ìlà-oòrùn lé òkun sẹ́yìn ní gbogbo òru náà. Ẹ́kísódù 15 jẹ́ orin: ní ẹsẹ 8, èémí ihò imú Ọlọ́run ló kó omi jọ gègèrè, ní ẹsẹ 12, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ilẹ̀ gbé àwọn ará Íjíbítì mì. Ṣé omi ló gbé wọn mì ni àbí ilẹ̀? Ẹni tó bá bi akọrin ní irú ìbéèrè yìí kò mọ orin. Nígbà tí ará Oǹdó bá ń ki Ọ̀ṣemàwé, kò sí ẹni tó ń mú tépù jáde láti wọn ohun tí wọ́n fi ń kì í. Onídàájọ́ 4 àti 5 tún ṣe bákan náà: orí 4 ní oorun ni Sísérà ń sùn nígbà tí Jáẹ́lì gbá èèkàn wọ̀ ọ́ lórí, orin Dèbórà ní 5:20 ní àwọn ìràwọ̀ ló ti ojú ọ̀run bá a jà, ẹsẹ 27 sì ní ó wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Ẹni tó to àwọn ìwé yìí jọ rí ìyàtọ̀ náà, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ láì tún wọn ṣe.

Àlọ́ pàápàá wà nínú rẹ̀. Onídàájọ́ 9:8 sí 15, igi ń wá ọba: wọ́n bẹ igi ólífì, wọ́n bẹ ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n bẹ àjàrà, kí wọ́n tó kan igi ẹ̀gún. Jótámù ló pa àlọ́ náà láti orí òkè, Ábímélékì, arákùnrin rẹ̀ tó ti di ọba, ló sì ń bá wí. Ǹjẹ́ arákùnrin wa gbà pé igi sọ̀rọ̀? Kò gbà bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ó wá ní irọ́ ni? Ó ti ń fi ìyàtọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ (ìtàn, orin, òwe, àlọ́) láti ọjọ́ yìí, kò kàn tíì fún un lórúkọ ni. Dáfídì gan-an sì ṣi irú ọ̀rọ̀ mú nígbà kan. Nígbà tí Nátánì dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn tálákà (2 Sámúẹ́lì 12), ẹjọ́ ni ọba rò pé wọ́n gbé wá, ló bá dá ikú fún ọlọ́rọ̀ náà. Àṣé òwe ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá wí. Òwe náà ṣiṣẹ́ nítorí pé ó ṣì í mú.

Sáàmù ni ó yẹ ká fara balẹ̀ sí jù, nítorí òun ni ọwọ́ ń tó jù ní agbègbè wa. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, ẹ ó rí ẹni tó ń ka 35 tàbí 109 lóru, lẹ́ẹ̀meje, tàbí tó ń kà á sínú omi. Ó ju 50 lọ nínú 150 Sáàmù tó jẹ́ ẹkún àti ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ní ìlànà. Ẹ mú 13, ẹsẹ mẹ́fà péré ló ní. Ẹsẹ 1 àti 2 jẹ́ ìráhùn, “yóò ti pẹ́ tó” dún níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹsẹ 3 àti 4 jẹ́ ẹ̀bẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹsẹ 5 àti 6 yí padà sí ìgbẹ́kẹ̀lé àti orin. Nígbà tí ẹ bá ti mọ ìlànà yìí, ẹ ó mọ Sáàmù tó yapa: 88 kò yí padà rárá, inú òkùnkùn ló parí sí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yí padà.

Ibi tí nǹkan ti ń wọ́ ni pé a ń ka Sáàmù ẹ̀bẹ̀ bí ọfọ̀. Ọfọ̀ kì í bẹ̀bẹ̀. Agbára rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nínú orúkọ tí a mọ̀ àti iye ìgbà tí a pè é. Ó ń pàṣẹ fún nǹkan. Sáàmù 35 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Olúwa, gbógun ti àwọn tó ń bá mi jà”: ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ń kó ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Adájọ́, ó sì ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbínú tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ọ́ síta níwájú Ọlọ́run dípò kó gbé àdá. Bákan náà ni 137:9, tó le gan-an láti kà létí ọmọdé, ti ẹnu ẹni tó rí ìlú rẹ̀ tó jóná jáde. Kò sí àṣẹ kankan níbẹ̀ fún wa. Nínú 109, àwọn onímọ̀ kan wò ó pé èpè ẹsẹ 6 sí 19 jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀tá ń sọ sí onísáàmù, nítorí Hébérù ìgbà náà kò ní àmì tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn hàn. Ẹ lè fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn àgbà kíláàsì.

Òfin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ bi í léèrè ewu tó ń dènà. Diutarónómì 22:8 ní kí ẹni tó kọ́lé tuntun ṣe ìgbátí, ìyẹn ògiri kékeré, yí òrùlé rẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, nítorí òrùlé pẹrẹsẹ ni tiwọn, wọ́n ń jókòó lórí rẹ̀. Páànù onígun ni tiwa. Ẹni tó bá fi irin sí ẹ̀gbẹ́ bákónì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, tó sì dé kànga ẹ̀yìnkùlé, ti pa òfin náà mọ́ ju ẹni tó kọ́ ìgbátí sórí páànù lọ.

Ìfihàn ńkọ́? Àwọn tó ń wá orúkọ olórí ìlú nínú rẹ̀ lọ́dọọdún ń kà á bí ìwé ìròyìn. Ìran ni, lẹ́tà ni fún ìjọ 7 ní Éṣíà, ó sì sábà máa ń túmọ̀ ara rẹ̀: 1:20 sọ ohun tí ọ̀pá fìtílà jẹ́, 17:9 sọ ohun tí orí méje ẹranko náà jẹ́, 17:15 sọ ohun tí omi jẹ́. Nọ́ńbà ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí àwòrán. 144,000 jẹ́ 12 lọ́nà 12 lọ́nà 1,000. Kí ẹ tó túmọ̀ ẹranko kan, ẹ kọ́kọ́ wá a nínú Dáníẹ́lì 7 àti 8.

Ọ̀fìn kejì wà ní òdìkejì, ẹ sì ṣọ́ra fún un, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ràn àlàyé yìí máa ń já sí. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti mọ̀ pé orin wà, pé àlọ́ wà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tó bá le di àfiwé. Irú ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìfẹ́ inú wa. Lúùkù sọ ní 1:1 sí 4 pé òun wádìí ohun gbogbo fínnífínní lọ́wọ́ àwọn tó fojú rí i. Nínú 1 Kọ́ríńtì 15, Pọ́ọ̀lù ń ka àwọn ẹlẹ́rìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìgbàgbọ́. Ẹni tó ń tọ́ka sí ẹlẹ́rìí kò pa àlọ́. A lè gbà á gbọ́ tàbí kí a kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n a ò lè sọ pé orin ló ń kọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é ní kíláàsì ọlọ́gójì ìṣẹ́jú: ẹ má ṣe fi 22:6 bẹ̀rẹ̀, nítorí inú ṣì ń gbóná. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 ka Ẹ́kísódù 14:19 sí 31, lẹ́yìn náà 15:1 sí 12, sókè, kí ẹlòmíràn ka ìkejì. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kan kọ ohun tí ẹni tó dúró létí òkun máa rí. Kí ẹgbẹ́ kejì kọ ohun tí akọrin fẹ́ kí a mọ̀ nípa Ọlọ́run. Kí wọ́n wá fi wéra. Lẹ́yìn náà kí ẹ ju “Àgbà kì í wà lọ́jà” sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀, ara á sì tù wọ́n. Òwe 26:4 àti 5 tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ka 22:6 àti 7 pa pọ̀, kí Ísíkẹ́lì 18 kẹ́yìn. Kí wọ́n máa dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló ń sọ̀rọ̀, fún ta ni, irú ọ̀rọ̀ wo ni? Ìbéèrè pé “kí ló ń sọ fún mi” kò gbọ́dọ̀ wọlé ṣáájú mẹ́ta yìí. Ohun tó máa ń ba irú kíláàsì báyìí jẹ́ ni pé olùkọ́ kó irú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ wá lọ́jọ́ kan. Mẹ́rin tí mo tò sílẹ̀ yìí ti tó.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn náà máa ń fa ìṣòro. Nínú Bíbélì àtijọ́ tó wọ́pọ̀ ní ìjọ, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà tuntun, nítorí náà ìtàn, orin àti lẹ́tà jọra lójú, gbogbo rẹ̀ sì dà bí òwe. Àwọn nọ́ńbà yẹn kò sí níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ọ̀rúndún kẹtàlá ni Stephen Langton pín Bíbélì sí orí, 1551 sì ni Robert Estienne tẹ Májẹ̀mú Tuntun tó ní nọ́ńbà ẹsẹ. Ẹ ní kí ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan da Sáàmù 13 kọ sínú ìwé rẹ̀ láìsí nọ́ńbà, gbólóhùn kan lórí ìlà kan, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbi tí ohùn bá ti yí padà. Ojú wọn á là ju àsọyé wákàtí kan lọ.

Ní ti màmá yẹn, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ sọ fún un pé kò sí ibì kankan nínú Òwe tó dá a lẹ́bi, kí ẹ má sì ṣèlérí ọjọ́ tí ọmọ náà máa padà fún un. Bó bá ní kí ẹ ka Sáàmù fún òun, ẹ má ka 127 tó ń sọ pé ọmọ ni ìní Olúwa; ẹ ka 13. Bí omijé bá dá a dúró ní ẹsẹ 2, ẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹsẹ 5 ṣì wà nínú ìwé náà fún ọjọ́ mìíràn.